Òkúta funfun oníṣan: bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ àti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó

Ìbéèrè: Ará wa kan ní Ìjùmú ra òkúta pẹlẹbẹ mélòó kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti ọ̀nà Jakura. Òkúta náà funfun, iṣan eérú àti iṣan dúdú gba inú rẹ̀ kọjá, ibì kan sì wà lára rẹ̀ tó ní àwọ̀ irin tó dógùn-ún. Ẹni tó tà á pè é ní mábù. Bíríkìlà ní grànáìtì ni. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní òkúta ẹfun ni. Ó fẹ́ fi ṣe káńtà ilé ìdáná, kó fi tẹ́ ilẹ̀ fàráńdà, kó sì fi bo ibojì ìyá rẹ̀. Ó tún béèrè bóyá òun lè fọ́ irú rẹ̀ tó wà lóko ìdílé wọn kí òun máa tà á.

Ìdáhùn: Okun o, ará wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìjà inú ilé. Ẹni tó ta òkúta fún yín àti àbúrò yín lè jọ jàre, torí pé nǹkan kan náà ló wà nínú òkúta ẹfun àti mábù, ìyẹn káṣíọ́ọ̀mù kábọ́nétì. Mábù ni òkúta ẹfun tó ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, tí ooru àti ìwúwo àpáta orí rẹ̀ ti yí padà títí tí àwọn ẹyọ inú rẹ̀ fi tún ara wọn tò, tí wọ́n sì dì mọ́ra. Ilẹ̀ àpáta àtijọ́ ni ìwọ̀-oòrùn Kogí, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì ti kọjá lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí òkúta ẹfun Jakura àti Obajana ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ fi jẹ́ mábù. Ẹ fi èyí wé ti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí irú ooru yẹn kò dé, tẹ́ ẹ ṣì lè rí ìkarahun ẹranko inú òkun nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíríkìlà yín náà kì í ṣe ohun à ń gbé sọnù, torí pé grànáìtì àti àpáta onílà pọ̀ láti Kàbà títí wọ Yàgbà ju mábù lọ, iṣan funfun sì máa ń wà lára àwọn náà. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gé e.

Ẹ má fi ìwúwo dá a mọ̀, ẹ má sì fi títutù rẹ̀ dá a mọ̀. Ìwúwo grànáìtì àti ti mábù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àwọn méjèèjì ló sì ń tutù lọ́wọ́. Ẹ má wo ojú òkúta tó ti pẹ́ nínú òjò àti oòrùn pẹ̀lú, torí ilẹ̀ pupa àti èéfín ti bò ó. Ẹ fi òòlù ṣí etí rẹ̀ kan kẹ́ ẹ lè rí inú tó tuntun, kẹ́ ẹ wá mú un sí oòrùn. Tó bá jẹ́ mábù, ẹ máa rí ẹyọ wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà bíi ṣúgà onípáli. Tí ojú rẹ̀ bá kúnná tí kò sì dán, tẹ́ ẹ sì ń rí èérún ìkarahun, òkúta ẹfun tí ooru kò dé ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣó irin fa ìlà lára rẹ̀. Mábù àti òkúta ẹfun máa ń gba ìlà, ìyẹ̀fun funfun á sì jáde, ṣùgbọ́n èékánná kò lè ha wọ́n. Tí ìṣó bá kàn fi àwọ̀ irin sílẹ̀ tí kò wọlé, ẹ fi igun òkúta náà fa ara ìgò. Òkúta tó bá ha ìgò ní kúọ́tsì tàbí nǹkan líle mìíràn nínú, bíríkìlà ló jàre nìyẹn.

Èyí tó máa parí ẹjọ́ ni ti ásíìdì. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ìyẹ̀fun díẹ̀ lára òkúta náà, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kẹ́ ẹ kán fínígà sórí ìyẹ̀fun yẹn. Kò ní hó púpọ̀, nítorí náà ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dájú ju báyìí lọ, ẹ wá ásíìdì haidirokilóríìkì, èyí tí wọ́n fi ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lára táìlì. Ẹ da ìwọ̀n rẹ̀ kan sínú ìwọ̀n omi mẹ́ta. Ásíìdì là ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, torí ó lè ta síni lójú. Ẹ ṣe é níta, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo ojú. Ẹ̀kán kan ti tó. Tó bá hó lójú ẹsẹ̀ lórí òkúta gan-an, kálísáìtì ni, ìyẹn ẹyọ káṣíọ́ọ̀mù kábọ́nétì. Tí kò bá hó lórí òkúta ṣùgbọ́n tó hó lórí ìyẹ̀fun, mábù ni òun náà, àmọ́ dólómáìtì, ìbátan kálísáìtì tó ní mágínísíọ́ọ̀mù nínú, ló pọ̀ nínú rẹ̀, bíi ti Igbẹti ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyẹn le díẹ̀ ju kálísáìtì lọ, ó sì ń fara da ásíìdì díẹ̀ sí i. Tí kò bá hó rárá, kì í ṣe mábù, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ. Ẹ má lo ásíìdì bátìrì. Yàtọ̀ sí pé ó ń jó awọ, ó máa ń fi ìpele funfun kan bo ojú òkúta, híhó á dáwọ́ dúró kíákíá, ẹ ó sì ṣi òkúta gidi pè.

Ẹ dán iṣan náà wò lọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dán ara òkúta nìkan wò. Tí ara òkúta bá hó tí iṣan funfun kò hó, tí iṣan náà sì ń ha ìgò, kúọ́tsì ló wà nínú iṣan. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń dààmú ẹni tó fẹ́ mú kí ojú rẹ̀ máa dán: ara tó rọ̀ á jẹ, iṣan tó le á ta yọ, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á sì máa mọ̀ ọ́n lára títí ayé.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn ní ìlú ńlá, ẹ ṣọ́ra fún táìlì tí wọ́n ya iṣan sí lójú. Ẹ wo etí rẹ̀: iṣan òkúta gidi máa ń la òkúta já dé ẹ̀yìn, ti táìlì kò kọjá ojú. Bí iṣan kan náà bá wà lára táìlì méjì nínú páálí kan, ẹ̀rọ ló yà á. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní mábù lọ́jà ni ooru kọjá lára rẹ̀. Nero Marquina tó ń wá láti Sípéènì, èyí tó dúdú tó ní iṣan funfun, òkúta ẹfun tó ń gba dídán ni. Ó rẹwà nínú ilé, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ máa ń ṣá tí oòrùn bá ń pa á.

Ní báyìí, iṣan. Òun ló ń pinnu ibi tí òkúta yín máa lọ, ju orúkọ rẹ̀ lọ, oríṣiríṣi ló sì wà. Iṣan funfun tó ń hó jẹ́ ojú ibi tí òkúta ti là rí, tí omi abẹ́ ilẹ̀ gbé kálísáìtì wá dí. Bó bá dí dáadáa, ó lè lágbára tó ara òkúta. Ìlà eérú tó fẹ̀, tó ń rọra pòórá sínú funfun, sábà máa ń jẹ́ èédú àtijọ́ tó ti di gíráfáìtì. Kò léwu, òun ló sì ń fún irú òkúta yìí ní ẹwà. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni iṣan dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó tín-ín-rín, tó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, tí èékánná lè họ nǹkan dídán pẹlẹbẹ jáde nínú rẹ̀. Máíkà tàbí amọ̀ ló wà níbẹ̀. Òkúta máa ń là níbẹ̀, omi sì máa ń gbabẹ̀ wọlé. Ti ibi tó ní àwọ̀ ìdógùn-ún, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ já èérún kan níbẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sá a sóòrùn lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí àwọ̀ náà bá ń tàn kálẹ̀, ẹ má gbé apá ibẹ̀ síbi tí omi ń dé.

Ẹ bi ẹni tó tà á pé báwo ni wọ́n ṣe yọ òkúta náà. Èyí tí wọ́n fi àdó olóró fọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tí òkúta ti ń lọ sínú sìmẹ́ńtì, máa ń ní ìlà tó ti sán nínú tí ojú kò rí. Òkúta ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń fi okùn dáyámọ́ńdì gé tàbí kí wọ́n lu ihò sí lójú ìlà kan, kí wọ́n sì fi èèkàn irin là á. Láti mọ ohun tó wà nínú tiyín, ẹ da omi sí gbogbo ojú òkúta kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ dúró kó máa gbẹ. Ibi tó bá ti sán á ṣì tutù ní ìlà tíńrín nígbà tí ibi yòókù ti gbẹ. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí tó bá gbẹ tán ẹ ò ní rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé òkúta náà dúró lórí igi méjì, ẹ fi òòlù kékeré kàn án láti igun dé igun. Èyí tó pé máa ń dún gbọ̀n-ọ́n. Èyí tó ti là, ohùn rẹ̀ máa ń kú, kì í dún bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò omi kan sí i kẹ́ ẹ tó pín iṣẹ́. Ẹ sá èérún tó tó kílò 1 sóòrùn títí ó fi gbẹ dáadáa, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 24, ẹ nu ojú rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Mábù tó dára kì í fi ju gíráàmù 2 kún ara rẹ̀, ìyẹn ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá fi gíráàmù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún un, ẹ má lò ó ní ilé ìdáná, ẹ má sì lò ó níta. Ara ògiri pálọ̀ ló yẹ.

Ti káńtà ilé ìdáná: ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń gbà wọlé. Ohun tó mú kí òkúta yín hó nígbà ìdánwò kò ní kúrò lára rẹ̀ torí pé wọ́n mú kí ojú rẹ̀ máa dán. Ọsàn, fínígà, omi tòmátì, zobo, ẹmu tó ti kan, gbogbo wọn ló ń jẹ dídán rẹ̀, wọ́n á sì fi ojú ṣíṣú sílẹ̀ níbi tí wọ́n kán sí. Síílà, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n ń fi pa òkúta kó wọnú rẹ̀, kò lè dá èyí dúró. Iṣẹ́ síílà ni láti má ṣe jẹ́ kí epo pupa àti ọ̀bẹ̀ wọ inú òkúta. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má dán káńtà yìí dé òpin. Ẹ dúró ní páàdì dáyámọ́ńdì 400 (bí nọ́ńbà páàdì bá ṣe ga tó ni ojú òkúta ṣe ń dán tó), kí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ láìkọ mànà, àpá ásíìdì kò ní hàn púpọ̀ lára irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fara da àpá rárá, kó lo grànáìtì níwájú ààrò, kó sì fi mábù sí ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí òkúta káńtà nípọn tó mílímítà 30. Mítà kan níbùú lóròó rẹ̀ máa ń wọ̀n tó kílò 81, ti mílímítà 20 sì máa ń tó kílò 54. Káńtà mítà 2 tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 á wọ̀n tó kílò 97. Ẹ gbé e lóòró lórí etí rẹ̀, ẹ má gbé e ní pẹlẹbẹ láé, torí lójú iṣan ló máa ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e. Níbi tẹ́ ẹ bá máa gé ihò síǹkì sí, ẹ má jẹ́ kí iṣan amọ̀ tàbí ìlà tó ti sán gba tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ihò náà kọjá. Kí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn má kéré sí sẹ̀ǹtímítà 10 tí ààyè bá wà. Igun ihò náà gbọ́dọ̀ rí roboto: ẹ fi ẹ̀rọ lu ihò yíká sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ tó fi gíráńdà gé àárín wọn. Igun tó bá mú ni òkúta ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Iṣan tí kò dá yín lójú, ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní epoxy, ìyẹn gúlù líle alápòpọ̀, kẹ́ ẹ tẹ àwọ̀n fáíbà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ má kó ìkòkò gbígbóná láti orí iná sórí rẹ̀, torí ooru òjijì máa ń ṣí iṣan.

Fàráńdà ni mo rò pé òkúta yìí máa bá yín kalẹ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 28. Òkúta tó nípọn ní mílímítà 20 tó. Kẹ́ ẹ tó pò ohunkóhun, ẹ tò gbogbo òkúta náà sílẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ wò bí iṣan ṣe ń bọ́ sínú ara wọn, ẹ yí èyí tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu padà, kẹ́ ẹ wá kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni, òun ló sì ń ya iṣẹ́ ọlọ́wọ́ dáadáa sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ yín fò ó.

Gúlù táìlì funfun ni kẹ́ ẹ lò. Sìmẹ́ńtì eérú àti iyanrìn pupa tí omi wọ́ wá láti ojú ọ̀nà ló ń sọ mábù funfun di aláwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Omi inú wọn ń gbé irin gòkè wá sójú òkúta, kò sì sí fífọ̀ tó ń mú un kúrò tán. Bí gúlù bá wọ́n yín, ẹ po sìmẹ́ńtì funfun kan mọ́ iyanrìn odò mẹ́rin tẹ́ ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ẹ fi tírówẹ̀lì eléyín mílímítà 10 (irin pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ ní eyín) ya gúlù sílẹ̀, ẹ tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn òkúta kí àlàfo kankan má bàa ṣẹ́kù. Ibi tí àlàfo bá wà lábẹ́ ni gìgísẹ̀ bàtà ti máa là á. Ẹ fi mílímítà 2 sáàárín òkúta àti òkúta, mílímítà 6 sí 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ilẹ̀ náà sì dà síta ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó pé wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fi gráòtì dí àlàfo àárín àwọn òkúta náà, gráòtì tí kò ní àwọ̀ líle. Lórí fàráńdà tí òjò ń fẹ́ sí, ojú tó ń kọ mànà léwu, ó máa ń yọ̀. Ẹ dúró ní dáyámọ́ńdì 200 níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, torí iyanrìn tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà ní kúọ́tsì nínú, ó sì le ju mábù lọ ní ìlọ́po, á máa fá a lójoojúmọ́.

Ti ibojì màmá, ẹ fara balẹ̀. Òjò fúnra rẹ̀ ní ásíìdì díẹ̀ nínú, ó ń jẹ mábù díẹ̀díẹ̀, dídán á lọ láàárín ọdún mélòó kan, lẹ́tà tí wọn kò gbẹ́ jìn á sì parẹ́. Tó bá jẹ́ mábù yìí náà lẹ fẹ́, ẹ yan òkúta tó funfun jù, tí kò ní iṣan amọ̀ rárá, ẹ má sì kọjá ojú jíjọ̀lọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà jìn tó mílímítà 4 sí 5. Kí ojú ibojì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré tàbí grànáìtì tó ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ilẹ̀ pupa tó ń ta nígbà òjò má bàa dé ara mábù. Ìdè irin lásán á dógùn-ún, á wú, á sì fọ́ òkúta, nítorí náà ìdè irin tí kì í dógùn-ún tàbí idẹ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ máa ro koríko yíká rẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, iná ìgbẹ́ ti fọ́ ọ̀pọ̀ òkúta ibojì. Lójú tèmi, kí pátákó orúkọ jẹ́ grànáìtì dúdú, kí mábù yí i ká.

Nípa dídán, ẹ̀rọ olómi àti páàdì dáyámọ́ńdì ni: 50, 100, 200, 400, 800, 1500, 3000. Ẹ má fo ọ̀kan, torí àpá tí 50 bá fi sílẹ̀, 400 kò lè pa á. Ẹ fọ ojú òkúta mọ́ kẹ́ ẹ tó pàrọ̀ páàdì, nítorí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù láti inú páàdì tó kọjá lè ba gbogbo ojú jẹ́. Ẹ má gé e ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá gbẹ tán, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó kéré tán, ẹ fi síílà tó ń wọnú òkúta pa á lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ nu èyí tó bá kù lójú rẹ̀ kúrò kó tó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá da omi sí i tí ojú rẹ̀ sì ṣú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tó àkókò láti tún un pa.

Ọṣẹ fífọ àwo àti omi ló yẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí Harpic dé ibẹ̀, ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Tí epo pupa bá wọlé, ẹ po ẹfun lílọ̀ tàbí páúdà mọ́ ásítóònù títí á fi ki, ẹ fi lé e kó nípọn tó mílímítà 6, ẹ fi nílọ́ọ̀nù bò ó mọ́jú, kẹ́ ẹ wá ká a kúrò nígbà tó bá gbẹ. Ẹ lè nílò láti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Ásítóònù ń gbiná o, ẹ pa ààrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èérún tó bá kù, ẹ má dà á nù. Èyí tó wà láàárín mílímítà 3 sí 12 ni téràsò ń fẹ́: kílò 50 sìmẹ́ńtì funfun mọ́ kílò 100 èérún, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fọ eruku rẹ̀ kúrò.

Ti oko ìdílé yín: lábẹ́ òfin ohun alumọ́ni ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun alumọ́ni abẹ́ ilẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìdílé yín ló ni oko. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fọ́ ọ tà láìsí ìwé àṣẹ ìfọ́kùúta láti iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé àṣẹ ìwakùsà ní Abuja. Àmọ́ kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má mọ ohun tẹ́ ẹ ní. Kẹ́ ẹ tó náwó sórí ìwé, ẹ gbẹ́ ojú ilẹ̀ kúrò níbi mẹ́ta tó jìnnà síra, ẹ já èérún láti ìsàlẹ̀ ibi tí oòrùn àti òjò ti jẹ, ẹ fi ìṣó, ìgò àti ásíìdì dán an wò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wá wọn bí ìlà tó ti sán ṣe jìnnà síra wọn. Tí wọn kò bá fi mítà kan jìnnà síra, òkúta náà kò lè fún yín ní odidi tó tó gé sí pẹlẹbẹ. Èérún téràsò àti ìyẹ̀fun ló máa wúlò fún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó òkúta ẹ̀ṣọ́ tàn yín.